Ẹsẹ̀ Tí Kò Mọ Ilẹ̀ Mọ́

Ègùn ni wọ́n ń pè mí n'Ìbàdàn. Ọmọ Kétu ni mí, Alákétu lọba mi, èdè tí mo gbọ́ lẹ́nu ìyá mi kò sì yàtọ̀ sí tiwọn ju kí ahọ́n yí díẹ̀ lọ, síbẹ̀ Ègùn ni. Bí mo bá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Yorùbá lèmi náà," wọn á rẹ́rìn-ín, wọn á ní ta ló bá mi jà. Nígbà tó yá, ó rẹ̀ mí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ ẹ. Ìgbà tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì palẹ̀ mọ́ tí wọ́n ní àwọn ń lọ, wọ́n gbàgbé láti kó ààlà tí wọ́n fà sáàárín wa dání. Òun la wá ń fi sọ ara wa lórúkọ.

Mi ò ní rojọ́ bí mo ṣe dé ibẹ̀. Ọ̀nà ni, mo sì rìn ín. Télọ̀ ni mí, ní Kétu nígbà náà ẹni tó bá rán ṣòkòtò kan lọ́dún yìí, ó di ọdún mẹ́ta kó tó tún rán òmíràn. Mo fi Adébísí ìyàwó mi sílẹ̀ pẹ̀lú oyún oṣù mẹ́rin. Mo ní ọdún kan péré ni, mo sì gba ara mi gbọ́ nígbà tí mò ń sọ ọ́.

Ìbàdàn tí mo bá kì í ṣe èyí tí wọ́n ròyìn fún mi, ti agboolé àti páànù tó ti dípẹtà. Ring Road ni ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi wà, ọ̀nà ọlọ́dà, ilé tuntun lọ́tùn-ún lósì. Ní Dùgbẹ̀ wọ́n ń kọ́ ilé gíga kan lọ́wọ́, àwọn èèyàn á dúró máa ka àjà rẹ̀, wọn á gbàgbé ibi tí wọ́n ń lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gíga ilé ló bà mí lẹ́rù. Lọ́sẹ̀ kejì tí mo dé, ọ̀gá mú mi lọ sí Bódìjà láti lọ wọn ara oníbàárà kan. Òṣìṣẹ́ ìjọba ńlá ni, koríko iwájú ilé rẹ̀, ńṣe ni wọ́n gbìn ín bí ẹni gbin ẹ̀fọ́, kò sì sí ewúrẹ́ tó gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́. Mo wọn ìbàdí, mo wọn itan, mo wọn ẹsẹ̀. Ọkùnrin náà ń ka ìwé ìròyìn gba orí mi kọjá. Nílé wa, télọ̀ kì í na téèpù sí èèyàn lára kó tó mọ ọmọ ẹni tí í ṣe, oníbàárà náà á sì ti béèrè tirẹ̀. Níbẹ̀, kò sẹ́ni tó bi mí. A jáde, ó ń ṣe mí bíi pé mi ò wọ ilé náà rárá.

Ọ̀gá mi, Bàbá Tìámíyù, ọmọ Ìbàdàn gidi ni wọ́n, ìdílé Mùsùlùmí onílẹ̀. Wọ́n gbé máṣíìnì ìránṣọ mẹ́rin kúrò láàárín ìlú wá sí Ring Road nítorí pé ibẹ̀ làwọn akọ̀wé ń gbà kọjá. Wọn kì í lu èèyàn, wọn kì í sì í yin èèyàn. Sùbérù, ọmọ Ìsẹ́yìn, ló jókòó sí máṣíìnì tó kọjú sí tèmi, àwa méjèèjì la jọ gba yàrá kan ní Challenge.

Àṣà kan wà ní ṣọ́ọ̀bù náà. Bí oòrùn bá kan àtàrí, Ìyá Rábíù, ìyàwó ọ̀gá, á gbé abọ́ ńlá kan wá, ẹ̀wà pẹ̀lú ẹja, tàbí ọ̀lẹ̀lẹ̀ àti ẹ̀kọ. Gbogbo wa á fọwọ́, àti ọ̀gá àti ọmọṣẹ́, a ó jẹ nínú abọ́ kan náà. Ọ̀gá ní ẹni tó bá dá abọ́ tirẹ̀ ní ní ṣọ́ọ̀bù ti ń fi ọkàn lọ. Yàtọ̀ sí ìwọ̀nba tó ń kàn mí nínú abọ́ yẹn, gaàrí ni mò ń jẹ. Mo ń mu gaàrí láàárọ̀, mo ń jẹ ẹ̀bà nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú ata àti epo díẹ̀. Nílé, àgbàdo ló tọ́ mi dàgbà. N'Ìbàdàn, gaàrí ni mo bá ṣọ̀rẹ́, kò ní kí n dáná pẹ́, kò sì bi mí ní ìbéèrè.

Lẹ́tà dé lẹ́yìn oṣù karùn-ún pé Adébísí ti bí obìnrin. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Wọ́n wolé, wọn ò rí bàbá níbẹ̀, wọ́n sọ ọ́ ní Abídèmí. Mo ka lẹ́tà náà títí ó fi ya níbi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ.

Àtẹ́lẹsẹ̀ ni ohun tí mo fẹ́ sọ ti bẹ̀rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń jó mi bíi pé mo tẹ eérú gbígbóná, lẹ́yìn náà ó dà bíi pé èèrà ń rìn nínú rẹ̀. Mo ní iṣẹ́ ni, ẹsẹ̀ ni mo fi ń tẹ máṣíìnì láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́. Mo ń fi òróró pa á. Nígbà tó ṣe, jíjó náà rọlẹ̀, mo dúpẹ́. Mi ò mọ̀ pé kì í ṣe iná ló kú, ẹsẹ̀ tó ń mọ iná ọ̀hún lára ló ń kú lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mò ń ti Challenge lọ sí ṣọ́ọ̀bù, obìnrin oníbúrẹ́dì kan ké sí mi.

"Bọ̀dá! Bàtà yín kejì dà?"

Mo wolẹ̀. Sílípáàsì wà lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, kò sí lẹ́sẹ̀ òsì. Mo padà sẹ́yìn, ó jìnnà kí n tó rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà. Gbogbo ọ̀nà yẹn ni mo ti fi ẹsẹ̀ lásán rìn lórí òkúta láìmọ̀.

"Àbí ìfẹ́ ló ń dà yín láàmú?" obìnrin náà ní.

Mo bá a rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò dé inú. Mo mọ ohun tí wọ́n ń pe ẹsẹ̀ tí kò mọ ilẹ̀. Àbúrò bàbá mi ń yan iṣu lọ́jọ́ kan nígbà tí mo wà ní kékeré, iná mú ìka rẹ̀, àwa tá a jókòó tì í la gbọ́ òórùn rẹ̀ ṣáájú òun tó ni ìka. Kò pẹ́ tí wọ́n fi kọ́ ahéré fún un lóko. Ìyàwó rẹ̀ á gbé oúnjẹ sórí kùkùté, á sì fẹ̀yìn rìn kúrò. Oko náà ló kú sí, oko náà la sin ín sí. Ẹ̀tẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó jẹ́ dárúkọ rẹ̀ nínú ilé wa, ṣùgbọ́n gbogbo ọmọdé ló mọ̀.

Mo wá di ẹni tó ń ṣọ́ ara rẹ̀ bí ẹni ń ṣọ́ olè. Mo fi abẹ́rẹ́ gún ìka ẹsẹ̀ mi, mo rí ẹ̀jẹ̀, mi ò rí ìrora. Ó ń ṣe mí bíi pé mo wọ ìbọ̀sẹ̀ tí n kò lè bọ́. Láàárọ̀, bí mo bá ń bọ́jú tí mo dijú nítorí ọṣẹ, ilẹ̀ á yẹ̀ lábẹ́ mi, àfi kí n fi èjìká ti ògiri kí n tó lè ṣan ojú. Lẹ́yìn náà ló dé ọwọ́. Bọ́tìnì á bọ́ láàárín ìka mi, ìró rẹ̀ nílẹ̀ ni yóò sọ fún mi pé kò sí lọ́wọ́ mi mọ́. Mo wo gbogbo ara mi bóyá màá rí àbàwọ́n, mi ò rí nǹkan kan. Mo ní ó ń bọ̀ ni.

Bí mo ṣe fi abọ́ ọ̀gá sílẹ̀ nìyẹn. Báwo ni mo ṣe fẹ́ máa ki ọwọ́ yẹn bọ inú oúnjẹ wọn? Mo purọ́ pé mo jẹ́ ẹ̀jẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, pé mo gbọ́dọ̀ máa dá jẹun. Mo máa ń lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ife gaàrí mi. Ọ̀gá wò mí.

"Ẹ̀jẹ́ oṣù mélòó ni?"

"Wọn ò tíì sọ fún mi, sà."

"Wọn ò tíì sọ fún ọ." Ọ̀gá nu ọwọ́ wọn. "Ṣé oúnjẹ Mùsùlùmí ló di ẹ̀gbin lẹ́nu rẹ?"

"Rárá o, sà. Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀."

Ọ̀gá padà sídìí iṣẹ́ wọn. Láti ọjọ́ náà, iṣẹ́ nìkan ni wọ́n ń bá mi sọ. Ìyá Rábíù kò bi mí nípa ọmọ mi mọ́. Mo kà á sí pé ó sàn bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń dunni níí pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni, ṣùgbọ́n èyí tó ń dùn mí, mi ò lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo jókòó láàárín èèyàn tó gbọ́ èdè mi dáadáa, mi ò rí ẹni bá sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn tí Bídèmí pé oṣù mẹ́wàá, àna mi tó ń ṣe akọ̀wé ní Àjàṣẹ́, olú ìlú tiwa lódìkejì ààlà, kọ̀wé pé fóònù wà ní ọ́fíìsì àwọn. A dá ọjọ́ tí Adébísí máa lọ síbẹ̀. Mo lọ jókòó sí ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Dùgbẹ̀ láti àárọ̀. Akọ̀wé ibẹ̀ sọ fún mi pé ohùn wa máa gba Lọ́ńdọ̀nù, á gba Párísì, kó tó dé Àjàṣẹ́. Àjàṣẹ́ tí màálù Fúlàní ń fẹsẹ̀ rìn dé. Nígbà tí wọ́n pè mí sínú àpótí onígi tí fóònù wà, ọ̀sán ti pọ́n.

"Bàbá Bídèmí?" Adébísí ni.

"Èmi ni."

"Ohùn yín ti yí padà."

"Ọ̀nà ló jìn. Ṣé dáadáa lẹ wà?"

"Dáadáa la wà. Ó ti ń rá. Ó ń rá tọ gbogbo ọkùnrin tó bá wọlé, ó rò pé ẹ̀yin ni. Ìgbà wo lẹ ń bọ̀?"

Mo di fóònù náà mú gírígírí, torí mi ò fọkàn tán ìka mi. Mo ní iṣẹ́ pọ̀. Mo ní ó di lẹ́yìn ọdún. Owó fóònù ń lọ.

"Ẹ gbọ́ tirẹ̀," ló wá sọ, ó sì gbé e sí ọmọ lẹ́nu. Mo gbọ́ èémí. Èémí kékeré, tó ń yára. Mi ò pe orúkọ rẹ̀, mò ń gbọ́ èémí náà títí àkókò wa fi pé.

Lẹ́tà Adébísí dé láìpẹ́, awakọ̀ kan ló gbé e dé gáréèjì Challenge. Kátíkísì ló bá a kọ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni. "Bí ó bá jẹ́ obìnrin mìíràn ni, mo fẹ́ fi ojú ara mi rí i. Bí a bá ti kórè àgbàdo tán, èmi àti ọmọ yín ń bọ̀." Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ìkórè ò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ. Ọmọ tó ń rá tọ gbogbo ọkùnrin á rá tọ èmi náà, kí ni màá ṣe? Ṣé kí n fẹ̀yìn rìn kúrò? Mo ronú pé kí n sá lọ sí ìlú mìíràn, kí wọ́n wá, kí wọ́n má bá mi, kí wọ́n pè mí ní aláìmoore. Aláìmoore sàn ju adẹ́tẹ̀ lọ. Bí mo ṣe rò ó nìyẹn, mi ò ní tan ẹnikẹ́ni jẹ.

Lọ́sẹ̀ kan náà, mò ń rán ṣòkòtò funfun kan, ti ọkùnrin Bódìjà ọjọ́sí. Mo rò pé mo ti gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì, ẹsẹ̀ ọ̀hún ṣì ń tẹ̀ ẹ́. Mo na ọwọ́ láti tún aṣọ ṣe. Sùbérù ló figbe ta.

"Ìka ẹ! Yéè, ìka ẹ!"

Abẹ́rẹ́ máṣíìnì ti wọ ìka ìlábẹ̀ mi, ó gba èékánná kọjá, ẹ̀jẹ̀ ti kún ṣòkòtò. Mo jókòó, mò ń wò ó bí ẹni ń wo ìka ẹlòmíràn.

Ọ̀gá yí máṣíìnì náà padà, wọ́n yọ ìka mi. "Kí ló dé tí o ò ké?"

"Mi ò mọ̀, sà."

"O ò mọ kí ni?"

"Mi ò mọ̀ pé ó gún mi." Wọ́n fẹ́ fi àkísà di ìka náà, mo fa ọwọ́ sẹ́yìn. "Ẹ má fọwọ́ kàn mí, ọ̀gá. Ẹ̀tẹ̀ ni."

Máṣíìnì tó kù dákẹ́. Sùbérù, tí a jọ ń sùn nínú yàrá kan, dìde, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ọ̀gá ní kí àwọn yòókù jáde. Mo rò pé èmi náà ni, mo ń wá bàtà mi. Ọ̀gá fa àpótí sún mọ́ mi, wọ́n jókòó, wọ́n gbé ẹsẹ̀ mi lé itan wọn bí ẹni fẹ́ wọn ṣòkòtò fún mi. Ó ti lé lóṣù mẹ́rin tí ẹnikẹ́ni ti fọwọ́ kàn mí kẹ́yìn. Mo bú sẹ́kún.

"Ta ló sọ fún ọ pé ẹ̀tẹ̀ ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n, sà. Ó ti ṣe ẹbí mi rí."

"O ti di dókítà." Wọ́n yí àtẹ́lẹsẹ̀ mi wò. Ojú ọgbẹ́ pọ̀ níbẹ̀ tí èmi gan-an kò mọ̀ pé ó wà. "Nítorí èyí ni o ò ṣe bá wa jẹun mọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Wọ́n rọra gbé ẹsẹ̀ mi sílẹ̀. "Mo ti sọ fún Ìyá Rábíù pé o kórìíra wa," wọ́n ní. "Ọlọ́run má bínú sí mi. Dìde, ká lọ ilé ìwòsàn."

Dókítà tí a bá níbẹ̀, ọ̀dọ́ ni, ọmọ Yorùbá, ó kí ọ̀gá pẹ̀lú ìdọ̀bálẹ̀ kó tó kọjú sí mi. Ó fi òwú ra mí lára láti ojúgun dé ọrùn, ó ń wá àbàwọ́n, kò rí. Ó fọwọ́ wá àwọn iṣan ẹ̀yìn orúnkún àti ìgbọ̀nwọ́ mi bóyá wọ́n wú, wọn ò wú. Ó lu irin kékeré ẹlẹ́nu méjì kan kó máa gbọ̀n, ó fi ìdí rẹ̀ ti kókósẹ̀ mi.

"Ṣé ó ń gbọ̀n?"

"Irin ni mo mọ̀, sà. Kò gbọ̀n."

Ó gbé e sórí orúnkún. Ó gbọ̀n. Ó ní kí n dìde, kí n pa ẹsẹ̀ pọ̀, kí n dijú. Mo ṣubú lù ú.

"Kí lo máa ń jẹ?"

"Gaàrí, sà."

"Àti kí ni?"

"Ẹ̀bà, sà."

Ọ̀gá kọ háà. Dókítà ò rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn ti ń rí irú rẹ̀ lára àwọn tí ẹ̀gẹ́ nìkan ń bá gbé, tí kò sí ẹ̀wà, ẹja tàbí ẹran tí yóò bá a dọ́gba nínú ara, pàápàá gaàrí tí wọn ò jẹ́ kó kan dáadáa kí wọ́n tó yan án. Májèlé díẹ̀díẹ̀ inú rẹ̀ ló ń jẹ iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára, ibi tó jìnnà jù sí orí ló sì máa ń kọ́kọ́ kú. Ó ní ẹsẹ̀ méjèèjì ló mú mi bákan náà, láti ìsàlẹ̀ gòkè. Ẹ̀tẹ̀ kì í sábà rìn bẹ́ẹ̀. "Kì í ṣe ẹ̀tẹ̀," ló wí. "Ká tiẹ̀ ní òun ni, oògùn ti wà fún un, kò sẹ́ni tó yẹ kó lọ gbé inú oko mọ́." Mo rántí kùkùté yẹn.

Mo bi í bóyá yóò san tán. Ó ní òun ò lè ṣèlérí. Kí n fi gaàrí sílẹ̀, kí n wá gba abẹ́rẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, èyí tó bá máa padà á padà.

Nígbà tí a ń bọ̀, ọ̀gá ní, "A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, ọ̀rọ̀ àwọn àgbà nìyẹn. Ìwọ ò lẹ́tẹ̀, ò ń sá fún wa nítorí ẹ̀tẹ̀. Abọ́ tí ò ń sá fún gan-an ni oògùn wà." Wọ́n ń bínú, omi sì wà lójú wọn. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Mo ti rò pé mò ń gba èèyàn là, ara mi ni mò ń pa. Ẹni tó bá wà ní ìlú onílùú máa ń yára gbà pé òun ni àléébù àárín ilé.

Sùbérù lọ sùn lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin ó dé pẹ̀lú abọ́ ẹ̀wà kan, ó gbé e sáàárín wa, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. "Ṣé màá dá a jẹ ni?" Kò bẹ̀ mí, èmi náà ò ní kó bẹ̀ mí.

Ó ti pẹ́. Ìbàdàn ni mo ṣì wà, wọ́n ṣì ń pè mí ní Ègùn, àwọn ọmọ mi náà ti ń jẹ́ ẹ. Kì í yá mi lórí mọ́ láti máa ṣàlàyé. Orí ìka ọwọ́ mi sọjí díẹ̀díẹ̀, mo padà sídìí abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kò padà tán. Títí dòní, ojú ni mo fi ń wá ilẹ̀ kí n tó tẹ̀ ẹ́. Bí mo bá lọ sí Kétu, wọn á ní ará Ìbàdàn dé.

Lọ́dún yẹn, mo ti gba abẹ́rẹ́ mẹ́rin nígbà tí Adébísí sọ̀ kalẹ̀ ní gáréèjì Challenge. Ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ń wá obìnrin tó wà lójú mi. Ọ̀pá tí mo fi ń rìn ló rí.

"Kí ló ṣe yín?"

"Màá sọ fún ọ. Jọ̀ọ́, sọ̀ ọ́ kalẹ̀ fún mi ná."

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn awakọ̀. Ó gbé e lé itan mi. Ó wúwo ju bí mo ṣe rò ó lọ. Bídèmí tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó wò mí bí oníbàárà tí kò tíì mọ̀ bóyá òun máa ra ọjà. Ó di ìka ọ̀tún mi mú. Mo rí i pé ó dì í mú, mi ò mọ̀ ọ́n lára. Mo ń wo ọwọ́ kékeré yẹn, gbogbo àárẹ̀ ọdún náà dé bá mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo rò pé mi ò ní lè dìde níbẹ̀ mọ́.

Nígbà náà ló tọ̀ sí mi lára.

"Yéè! Ẹ gbé e wá, ẹ gbé e wá," Adébísí ní, ó na ọwọ́.

"Fi í sílẹ̀."

Ìtọ̀ náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ lórí itan mi. Mo mọ̀ ọ́n. Ó ṣàn gba orúnkún, mo mọ̀ ọ́n. Ó gba ojúgun lọ sílẹ̀, mo ń bá a lọ, mo ń bá a lọ, títí dé ibi tí mo ti sọ ọ́ nù. Àwọn awakọ̀ ń rẹ́rìn-ín. Adébísí dúró pẹ̀lú ọwọ́ tó nà.

"Fi í sílẹ̀," mo tún wí. "Ọmọ mi ni."